Ààlà Àárín Epo àti Omi

Ní Eléko, ní ìhà Lẹ́kkí, òkun ni oko àwọn apẹja. Bí epo rọ̀bì bá dà sójú òkun, oko wọn ni ó bàjẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ti í fi oògùn tú irú epo bẹ́ẹ̀ ká, àti ohun tí oògùn náà kò lè ṣe.

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Síbẹ̀, omi àti epo kì í pò pọ̀. Àwọn ẹyọ omi, tí ojú kò lè rí, a máa fa ara wọn mọ́ra gírígírí, wọn kì í sì í gba epo láàyè láàárín wọn. Ìdí nìyí tí ààlà àárín àwọn méjèèjì fi le bí awọ ìlù.

Ẹni tí ń fọ ìkòkò ọbẹ̀ mọ̀ pé omi tútù nìkan kò lè ṣí ọ̀rá. Ọṣẹ ni í ṣí i. Ẹyọ ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní orí tí ó fẹ́ràn omi àti ìrù tí ó fẹ́ràn epo. Yóò dúró lójú ààlà bí alárinà, ààlà yóò sì dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oògùn náà ń ṣe lójú òkun. Ìgbì yóò wá fọ́ epo náà sí wẹ́wẹ́, àwọn kòkòrò tíntìntín inú òkun yóò sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, nǹkan bí àgbá epo 40,000 dà sójú òkun ní Bonga, ní nǹkan bí kìlómítà 120 sí etíkun Nàìjíríà. Àwọn ọkọ̀ ojú omi lọ fọ́n oògùn sí i.

Ṣùgbọ́n epo tí ó túká kò tíì run. Ó kúrò lójú omi, ó wọ inú rẹ̀ ni. Ẹyẹ àti iyanrìn lè bọ́, kí ó sì kan ẹyin ẹja àti ọmọ ẹja. Ní ọdún 1967, nígbà tí ọkọ̀ Torrey Canyon fọ́ nítòsí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oògùn líle tí a dà sí etíkun pa ẹ̀dá ibẹ̀ ju bí epo ti pa wọ́n lọ. Oògùn òde òní kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ojú agbami tí omi ti jìn ni ó yẹ ẹ́. Ní etí ilẹ̀, níbi tí omi kò ti jìn, ó sàn kí a sé epo mọ́, kí a sì kó o.

Nítorí náà, bí epo bá pòórá lójú òkun, kí ọlọ́gbọ́n má ṣe tètè yọ̀. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ó lọ.