Kí A Lè Sọ Pé A Rí Erin

Nígbà tí àwọn baba wa ń pa á lówe pé, “Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí; bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin,” kò sí èyí tó rò ó nínú wọn pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ Yorùbá yóò dá àjọ ọdún méjì, tí yóò wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ìlà-oòrùn Áfíríkà, tí yóò sì fi owó ńlá ra nǹkan fìrí yẹn gan-an bọ̀ wálé. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí àbúrò mi obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Gbági n’Íbàdàn, kúnlẹ̀ kí mi tán, tó fa ìwé kan yọ nínú àpò, tó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo èyí. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ fẹ́ lọ wo kìnnìún. A ó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ra wa.” Mo wò ó. Ibi márùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ: Maasai Mara ní Kẹ́ńyà, Serengeti àti Ngorongoro ní Tànsáníà, ìnàkí ní Rùwáńdà, kí wọ́n tó wá lọ na ara wọn sí etí òkun ní Zanzibar. Mo ní, “Àbúrò mi, inú ọkọ̀ òfurufú lẹ fẹ́ lọ wò, kì í ṣe kìnnìún.”

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ahun ni mí, tàbí pé mo fẹ́ ba ìdùnnú tọkọtaya jẹ́, nítorí àìrìnjìnnà ni a kò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ọbẹ̀ tó bá sì dùn, owó ló pa á. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹni tí ń sebẹ̀ mọ èyí tí í ṣe ẹran nínú ìkòkò yàtọ̀ sí omi. Safari kò ju ìrìn-àjò lọ lédè Swahili, ṣùgbọ́n nínú ìrìn-àjò yìí owó kan wà tí ẹnu kò lè dín kù, bí ó ti wù kí ènìyàn mọ ọjà á ná tó, nítorí àwọn aláṣẹ ló fi lé e. Láti 2024, dọ́là 200 ni àlejò tó ti ìta wá ń san lójúmọ́ kí ó tó wọ Maasai Mara láti oṣù Agẹmọ títí dé òpin ọdún. Ti oṣù mẹ́fà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún jẹ́ 100. Ní Ngorongoro, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ńlá tí òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ fi sílẹ̀ níbẹ̀ ń san 295, èyí sì yàtọ̀ sí ti orí ènìyàn. Ti ìnàkí Rùwáńdà ni ká má wulẹ̀ sọ: 1,500 lórí ẹnì kan, wákàtí kan péré ni wọ́n sì fi ń wò ó. Mo ní kí àbúrò mi kọ́kọ́ kọ gbogbo owó wọ̀nyí sílẹ̀, kí ó fi iye orí àti iye ọjọ́ ṣírò wọn, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni kí ó tó fi wá ibùsùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dà á rú: yàrá ni wọ́n kọ́kọ́ ń yàn, nítorí wọ́n ti rí àwòrán balùwẹ̀ tó dojú kọ odò.

Àkókò ló kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Ẹran kan wà níbẹ̀ tí àwọn Swahili ń pè ní nyumbu, tó ní ìwo bíi màlúù, tó ní gọ̀gọ̀ bí ẹṣin, tó sì dá irùngbọ̀n sí bí òbúkọ. Iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, kì í sì í sinmi, koríko tútù ló ń lé kiri láti gúúsù Serengeti dé Mara, tí yóò tún padà sí gúúsù, lọ́dọọdún. Láti Agẹmọ títí dé Ọ̀wàrà, wọn a máa la odò Mara kọjá níbi tí ọ̀nì ti ba dè wọ́n, èyí sì ni gbogbo ayé ń fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé náà ni í pé síbẹ̀, tí ọkọ̀ a tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ti gáréèjì Ọ̀jọ́ta lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ọdún, ibùsùn a sì gbówó lérí. Bí ó bá jẹ́ èmi, Èrèlé ni n ó lọ. Ní oṣù yẹn, ní pápá koríko kúkúrú Ndutu, ni àwọn nyumbu máa ń bímọ, ọmọ tuntun a sì dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ìkookò àti kìnnìún kò gbàgbé ọjọ́ ìkómọ yẹn rí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè lọ ní Igbe, nígbà òjò ńlá. Ibùsùn a dínwó, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ a máa gbé ọkọ̀ mì, àwọn àgọ́ mìíràn a tilẹ̀ ti ìlẹ̀kùn.

Èmi náà ti jẹ ìyà àìgbọ́n rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ibi márùn-ún ni mo dé ní ọjọ́ mẹ́fà, ohun tí mo sì rántí jù lọ ni eruku àti ẹ̀yìn ọrùn awakọ̀ wa. Nígbà kejì, òru mẹ́rin ni mo sùn lójú kan, níbi tí àgọ́ kò ti ju mẹ́wàá lọ, lórí ilẹ̀ tí àwọn Maasai fi háyà fún ìtọ́jú ẹranko lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mara, tí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ púpọ̀ yí ẹranko kan ká. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, a pa ẹ́ńjìnnì. Àjànàkú, arìngbẹ̀rẹ̀-gba-gbogbo-ọ̀nà, ń jẹ koríko níbi tí òkò ọmọdé lè dé. Yóò fi ọwọ́jà ká ìtí koríko kan, yóò fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tú u ní gbòǹgbò, yóò wá máa gbá a mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, pàá, pàá, pàá, kí iyẹ̀pẹ̀ lè gbọ̀n dànù, kí ó tó jù ú sẹ́nu. Ogójì ìṣẹ́jú ni a fi wò ó. Awakọ̀ kò bojú wo aago. Ìyẹn ni mo sanwó fún, ìyẹn náà ni mo ń pè ní gbẹdẹmukẹ, kì í ṣe aṣọ títa funfun.

Ní ti owó fúnra rẹ̀, dọ́là ni wọ́n ń gbà, náírà wa kì í sì í dúró lójú kan: dọ́là tí báńkì ń tà ní nǹkan bí náírà 460 ní ìbẹ̀rẹ̀ Òkúdù 2023 ti kọjá 1,400 kí Èrèlé 2024 tó parí. Ẹni tó ń fi náírà dá àjọ irú ìrìn yìí, agbọ̀n ló fi ń pọnmi. Kí ó máa ra dọ́là náà díẹ̀díẹ̀ sí báńkì. Kí ó san àsansílẹ̀, kí ó sì gba àdéhùn lákọsílẹ̀ nípa iye tí wọn yóò dá padà bí àìsàn bá dé. Kí ó ya owó ọwọ́ awakọ̀ sọ́tọ̀, kí ó má di pé wọ́n ń tú àpò wò lọ́jọ́ ìdágbére. Kí ó ra ìdójútòfò tí yóò gbé aláìsàn jáde nínú igbó. Láti 1957 ni àjọ ìlera AMREF ti ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé dókítà kiri láti Nairobi.

Ìyókù kéré, ṣùgbọ́n ohun kékeré ní í dójú ti àgbà. Ọkọ̀ òfurufú kékeré tí ń balẹ̀ sórí pápá kì í sábà gbà ju kílò 15 lọ, àpò rírọ̀ ni wọ́n sì ń fẹ́. Mo gbé àpótí líle dé ibẹ̀ rí. Wọ́n gbé e ka òṣùwọ̀n, wọ́n mi orí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ṣòkòtò àti fìlà jáde lójú àwọn òyìnbó bí ẹni tó ń pàtẹ ní Gbági. Yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kò gbọdọ̀ gbélé, a sì gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ náà ní ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán ṣáájú ìrìn. Kẹ́ńyà fòfin de àpò ọ̀rá ní 2017, Tànsáníà ní 2019. Kí ọ̀rá dúdú wa dúró sílé. Etí kòtò Ngorongoro ga tó mítà 2,300, òtútù ibẹ̀ a máa wọ eegun. Kí wọ́n mú súwẹ́tà.

Nígbà tí mo sọ títí, àbúrò mi mú bírò, ó fa igi lé Rùwáńdà lórí, ó fà á lé Zanzibar, ó ronú díẹ̀, ó fà á lé Maasai Mara náà. Ó ku Serengeti, òru márùn-ún, àti Ngorongoro, òru kan. Mo ní ó ku ohun kan: eṣinṣin kan wà níbi tí igi bá ti pọ̀ níbẹ̀, tsetse ni wọ́n ń pè é, a máa ta ènìyàn gba inú aṣọ, àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ aró ló sì máa ń fà á mọ́ra, kí wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀. Ó dákẹ́ lọ títí.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tèmi ti bàbá àwọn ọmọ, ó ti wà lọ́dọ̀ télọ̀.”