Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bátìrì àti Sólà Inú Ọkọ̀ Ilé

Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Èkó kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ínfátà fún un. Ó mọ bátìrì, ó mọ sólà, ó sì mọ ìgbà tí wọ́n á ké látinú yàrá pé kí a má tan áyọ́ọ̀nù. Ìmọ̀ yìí gan-an ló máa ń ṣi í lọ́nà tó bá ra motorhome ní Ìlú Ọba, ọkọ̀ ilé tó ní bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Oòrùn tó fi kọ́ ìṣirò rẹ̀ nílé kọ́ ló wà níbí. Bátìrì tó pọ̀ jaburata ní Oṣù Kẹfà lè kú ní aago méjì òru ní Oṣù Kọkànlá. Ẹ ka ìwọ̀nyí kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

Ẹ mú oṣù yín kí ẹ tó mú páńẹ́ẹ̀lì. Ní Èkó, oòrùn ọ̀sán gangan kì í rẹlẹ̀. Kódà ní Oṣù Kejìlá, ó ń ga tó dígírì 60 lójú ọ̀run. Ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kan náà, dígírì 15 péré ló ń ga dé, kò sì ní pé wákàtì mẹ́jọ tó fi yọ tó tún fi wọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì tó sùn gbalaja lórí òrùlé ọkọ̀ ní gúúsù Ẹ̀ǹgìláńdì lè mú nǹkan bíi 400 wáàtì-wákàtì wá lójúmọ́ nínú Oṣù Kẹfà. Ní Oṣù Kejìlá, páńẹ́ẹ̀lì yẹn kan náà lè má mú ju 40 tàbí 50 lọ.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu ni pé Ìlú Ọba kì í tijú níwájú Ìbàdàn tó bá di Oṣù Kẹfà. Ojúmọ́ gùn ju wákàtì 16 lọ níbí, nígbà tí ìkùukùu òjò ń bo ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ nílé. Nítorí náà, ẹni tó ń rìnrìn àjò láàárín Ọdún Àjíǹde àti ìparí Oṣù Kẹsàn-án ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ wo yìnyín ní Skọ́tíláǹdì nígbà Kérésìmesì ní òmíràn. Ẹni tó fẹ́ ṣe méjèèjì, kó fi oṣù tó le jù ṣírò, tàbí kó gbà pé òun á máa sanwó iná ní ibùdó ìpàgọ́ nígbà òtútù. Èmi á gba a nímọ̀ràn ìkejì.

Ẹ má bi ọlọ́jà pé páńẹ́ẹ̀lì mélòó ló tó. Ẹni tó bá dá yín lóhùn láì kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ ń lò, ọjà ló ń tà.

Ẹ kọ gbogbo ohun tó ń jẹ iná sílẹ̀, kí ẹ sì kọ òótọ́. Ẹ kọ wáàtì tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan ń jẹ, kí ẹ fi iye wákàtì tó fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni wáàtì-wákàtì. Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan àti ọmọ wọn méjì tí wọ́n gbéra láti Manchester nígbà ìsinmi ilé ìwé. Fíríìjì oníkọ̀ńpírẹ́sọ̀ ti fóltì 12 ń jẹ bí 50 wáàtì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣiṣẹ́ láìdúró, ẹ jẹ́ ká fún un ní wákàtì mẹ́wàá: 500. Gílóòbù LED mẹ́fà, wáàtì mẹ́rin-mẹ́rin, wákàtì mẹ́rin: bí 100. Fóònù mẹ́rin: 60. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, wákàtì mẹ́ta: 150. Tẹlifíṣọ̀n kékeré, wákàtì mẹ́ta: 90. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sí páìpù: 20. Blẹ́ńdà tí wọ́n fi lọ ata fún ìṣẹ́jú márùn-ún: bí 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 960. Ẹ pè é ní 1,000.

Ẹ wo bí fíríìjì nìkan ṣe kó ju ìdajì lọ. Blẹ́ńdà tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù kò tó nǹkan, torí kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń pa á. Ohun tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń mu bátìrì gbẹ. Bí ẹ bá gbé Starlink, ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì, sórí òrùlé kí ẹ lè máa ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kékeré inú rẹ̀ pàápàá lè máa jẹ wáàtì 25 sí 40, bí ẹ kò bá sì pa á tọ̀sán-tòru, ó lè ju fíríìjì lọ.

Tó bá di ìgbà òtútù, ẹ fi hítà kún un. Dísù ni hítà onídísù fi ń mú ooru wá, ṣùgbọ́n féẹ̀nì rẹ̀ lè jẹ bí 20 wáàtì ní gbogbo òru, ó sì máa ń fa bí 100 wáàtì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tó bá ń gbaná. Bí màmá bá ti nílé wá kí yín ní Oṣù Kẹwàá, ẹ má tan ara yín jẹ: hítà yẹn kò ní kú títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ má tan fíríìjì ọlọ́nà mẹ́ta sórí bátìrì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Fíríìjì tó ń lo gáàsì, iná ilé àti fóltì 12 wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀. Ti fóltì 12 wà fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ wáàtì 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láìdúró, á sì mu odidi bátìrì lítíọ̀mù 100 áńpíà-wákàtì gbẹ ní bíi wákàtì mẹ́wàá. Tí ẹ bá ti gúnlẹ̀, ẹ yí i sí gáàsì.

Ẹ má fi bátìrì se ohun tí gáàsì lè sè. Lítà omi kan, láti tútù dé híhó, ń gba nǹkan bíi 100 wáàtì-wákàtì. Ẹ̀tàn ni pé kẹ́tù kékeré ń jẹ díẹ̀; ó kàn ń pẹ́ kó tó hó ni. Tíì ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, omi àmàlà lálẹ́, ìrẹsì nínú ìkòkò oníná, dòdò nínú àáfíráyà: ẹ ti jẹ 1,000 mìíràn láì tíì jókòó jẹun. Ẹni tó bá ta kú pé iná lòun á fi dáná lè ṣe é, kó kàn mọ̀ pé ìlọ́po méjì bátìrì àti páńẹ́ẹ̀lì lòun ń rà.

Ẹ pa ínfátà tí ẹ kò bá lò ó. Ínfátà 2,000 wáàtì lè máa jẹ wáàtì 10 sí 20 lásán, láìsí ohun kan tí ẹ so mọ́ ọn. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú tí á tún fi mọ́, ìyẹn jẹ́ 240 sí 480. Ẹ ra ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà tó ń lo fóltì 12 tààrà.

Ẹ ṣírò bátìrì fún ọjọ́ méjì tí oòrùn kò yọ. Bátìrì ló ń gbé yín la òru àti ìkùukùu já. Iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì ni kó dá ohun tí ẹ jẹ padà. Ìdílé wa yìí nílò 2,000 fún ọjọ́ méjì. Kò dára kí a fa bátìrì lítíọ̀mù gbẹ dé ìsàlẹ̀. Bí a bá ń lo ìdá 80 nínú 100 rẹ̀, ó di 2,500. Bátìrì lítíọ̀mù fóltì 12.8 tó jẹ́ 100 áńpíà-wákàtì ń gbé 1,280. Méjì ti tó. Bátìrì olómi-ásíìdì ńkọ́? Ìdajì rẹ̀ ni a lè lò tí a kò bá fẹ́ kó tètè bàjẹ́, nítorí náà a nílò 4,000, ìyẹn mẹ́rin tó jẹ́ 100 áńpíà-wákàtì.

Ẹ má gbàgbé òṣùwọ̀n. Mẹ́rin olómi-ásíìdì yẹn á wọn tó 100 kìlógíráàmù. Lítíọ̀mù méjì kò ní ju bí 25 lọ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Wọn kì í pààrọ̀ láísẹ́ńsì Nàìjíríà sí ti Ìlú Ọba lásán, ìdánwò ni a ń ṣe, ẹni tó bá sì gba láísẹ́ńsì ọkọ̀ kékeré láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní ọdún 1997 kò lè wa ọkọ̀ ilé onídísù tí ìwọ̀n rẹ̀ kọjá 3,500 kìlógíráàmù, àfi tó bá tún ṣe ìdánwò mìíràn. Omi, gáàsì, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ, kúlà oúnjẹ àti ènìyàn mẹ́rin ti ń jẹ lára ìwọ̀n yẹn. Ẹ gbé ọkọ̀ tó ti kún lọ sórí ìwọ̀n kí ẹ tó ra bátìrì kẹta.

Ẹ wá pa dà sórí páńẹ́ẹ̀lì. Ní Oṣù Kẹfà, 1,000 tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ nílò páńẹ́ẹ̀lì bí 250 wáàtì. Ní ìgbà Àjíǹde tàbí Oṣù Kẹsàn-án, tí 100 wáàtì ń mú bí 200 sí 250 wá, ó di 400 sí 500. Ní Oṣù Kejìlá, pẹ̀lú hítà, ó ju 2,000 lọ, òrùlé ọkọ̀ wo ló sì gba ìyẹn? Fún ìdílé yìí, 400 ni èmi á rà, màá sì pa ìyókù owó mọ́ fún ṣájà tí ẹ́ńjìnnì á máa fi bọ́ bátìrì.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá yín ṣiṣẹ́. Ṣájà tó ń gba iná lọ́dọ̀ alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń pèsè iná, bọ́ sínú bátìrì ilé, tó bá jẹ́ ti áńpíà 30, á dá ju 700 wáàtì-wákàtì padà láàárín wákàtì méjì tí ẹ fi wakọ̀. Lóṣù Kejìlá, kò sí páńẹ́ẹ̀lì tó lè bá a du ìyẹn. Ẹ má so lítíọ̀mù mọ́ alternator lásán láìsí ṣájà yìí: ó lè fa iná títí alternator á fi gbóná kọjá ààlà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, alternator tiẹ̀ máa ń dín iná rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, láìsí ṣájà náà, bátìrì ilé lè má kún.

Ẹ má ṣájì lítíọ̀mù nínú òtútù tó kọjá dídì. Tí òtútù inú bátìrì bá ti bọ́ sísàlẹ̀ òdo, ṣájì máa ń bà á jẹ́. Bátìrì tó dára máa ń kọ ṣájì fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ẹ gbé e sínú ilé, níbi tí hítà ti ń fẹ́, kì í ṣe sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ má sì gbé bátìrì kankan sínú àpótí gáàsì.

Ẹ ṣọ́ òjìji. Òjìji ẹ̀ka igi kan tàbí ti ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n tó bọ́ sórí igun páńẹ́ẹ̀lì lè gé iṣẹ́ rẹ̀ lulẹ̀ ju bí òjìji náà ṣe tóbi lọ. Nílé, abẹ́ igi la ti ń wá ibi páàkì. Níbí, ẹ páàkì sójú oòrùn, kí ẹ fi aṣọ bo fèrèsé.

Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn ẹlòmíràn, pàápàá ẹni tó ti fi I-better-pass-my-neighbour gbọ́ bùkátà rí. Ọ̀pọ̀ ibùdó ìpàgọ́ kì í gbà á láàyè, èéfín rẹ̀ sì ń pani nínú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ẹ so ọkọ̀ mọ́ iná ibùdó: áńpíà 16 ní fóltì 230 ju 3,600 wáàtì lọ.

Ẹ má gba ohun tó wà lára páálí gbọ́. Páńẹ́ẹ̀lì tó dára lóde òní ń mú nǹkan bí 200 wáàtì wá ní mítà kan níbùú àti lóòró. Bí wọ́n bá ní 300 ni èyí tó jẹ́ ìdajì ìyẹn, ẹ máa bá tiyín lọ. Ní ti bátìrì, ẹ gbé e lọ́wọ́ wò gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe ní ọjà Alábà l'Ékòó: lítíọ̀mù 100 tó bá fúyẹ́ bíi kìlógíráàmù márùn-ún, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pé.

Ẹ fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, kí wáyà sì nípọn. 2,000 wáàtì lára iná ilé kò tó áńpíà mẹ́sàn-án. Lára fóltì 12, tí a bá ka ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ mọ́ ọn, ó tó bí 185. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á gbóná títí á fi gbiná. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yín.

Ẹ dán an wò níwájú ilé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ ra mítà tó ń ka iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, torí fóltì lítíọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà títí á fi kù díẹ̀ kó tán. Ẹ yọ ọkọ̀ kúrò lára iná ilé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ sùn sínú rẹ̀, ẹ jẹun, ẹ wo fíìmù, kí gbogbo ọmọ ṣájì fóònù wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ fi ohun tí mítà sọ fún ọjọ́ kan wé ìwé tí ẹ kọ. Bí mítà bá ju ìwé lọ, ẹ máa pa nǹkan wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ máa wo mítà: ínfátà ni kí ẹ kọ́kọ́ pa.