Ṣé Pọ́ńpù Náà Kò Fa Epo Ni, àbí Kò Ti Epo?

"Ọkọ̀ mi ò fa epo mọ́." Bí ọkọ̀ àtijọ́ bá ń kú mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìlarò sí Ayétòrò, gbólóhùn tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì nìyẹn. Mẹkáníìkì á ní, "Ẹ̀gbọ́n, pọ́ńpù ti lọ nìyẹn o." Wọ́n á ra pọ́ńpù, wọ́n á dè é mọ́ ọn, ọkọ̀ á tún máa jẹ́ẹ̀kì bíi ti tẹ́lẹ̀. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó tó láti fi ṣàlàyé àrùn ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó náwó. Àwa la ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ẹni tó bá ń fa nǹkan, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ló ń fà á sí. Ẹni tó dúró lẹ́nu kànga ló ń fa omi. Nínú Peugeot 504 oníkabúrétọ̀, irú ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, ara ẹ́ńjìnnì ni pọ́ńpù wà, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ni táǹkì wà. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń mú un ṣiṣẹ́, ó sì ń fa epo láti ẹ̀yìn wá síwájú ní tòótọ́. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lórí 504 kò ṣi ọ̀rọ̀ lò rárá.

Ọkọ̀ ló yí padà, ọ̀rọ̀ ò yí. Nínú Toyota Camry tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1992 sí 2001, pọ́ńpù oníná ni, inú táǹkì ló sì wà, nínú epo gan-an. Ó ń fa èyí tó wà nídìí rẹ̀ gba inú asẹ́ kékeré kan, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó ti epo lọ síwájú.

Ìyàtọ̀ yìí ní èrè lójú agbo iṣẹ́. Páìpù tí pọ́ńpù ń fa epo gbà, bó bá sán, kì í sábà jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà wọlé, pọ́ńpù á wá máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ epo. Ẹ lè wo abẹ́ ọkọ̀ títí kẹ́ ẹ má rí ẹ̀kán kan. Páìpù tí pọ́ńpù ń ti epo gbà, bó bá sán ní tirẹ̀, á tú epo jáde, iná sì lè ràn ún. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé 504 òun kò fa epo ti júwe ibi tí wọ́n á kọ́kọ́ wò: láti táǹkì dé ẹnu pọ́ńpù. Ẹni tó bá sọ pé Camry òun kò ti epo ti ní kí wọ́n wo pọ́ńpù, iná tó ń lọ síbẹ̀, àti fílítà. Bí a kò bá tíì mọ èyí tó jẹ́, "pọ́ńpù ò gbé epo" tí àwọn mẹkáníìkì ń sọ dára púpọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí ó má kàn darapọ̀ mọ́ "ọkọ̀ ò gbé," nítorí ọkọ̀ tí kò gbé lórí òkè, kílọ́ọ̀ṣì tàbí plọ́ọ̀gì lè wà nídìí rẹ̀.

Ká wá bọ́ sórí "prẹ́ṣọ̀." Àwọn kan ti ń pè é ní ìfúnpá, nítorí wọ́n gbọ́ ọ nípa ẹ̀jẹ̀. Létí àgbà, oògùn tí à ń so mọ́ apá ni ìfúnpá, "ìfúnpá epo" á sì rú u lójú. Ipá epo ni èmi yàn. Ohun tó ká mi lára jù ni pé a máa ń fi pọ̀ rọ́pò lágbára. Mẹkáníìkì á yọ páìpù, epo á ṣàn, á ní, "Ẹ wò ó, epo ń wá dáadáa." Fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi díẹ̀: omi tó ń jáde á dín kù, á sì ta jìnnà. Epo lè pọ̀ kó má lágbára.

Ipá tí kabúrétọ̀ ń fẹ́ kò ju nǹkan bíi 3 sí 5 psi lọ. Camry tí mo wí yẹn ń fẹ́ 38 sí 44. Kò sí ìka ọwọ́ tó lè fi títẹ páìpù mọ ìyàtọ̀ láàárín 30 àti 40. "Mo ti tẹ̀ ẹ́ wò" kò lè dúró fún "mo ti wọ̀n ọ́n." Gééjì la fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á so gééjì mọ́ ojú ọ̀nà epo, wọ́n á ṣí àpótí kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì (bí ọkọ̀ náà bá ní in), wọ́n á fi wáyà so ihò FP mọ́ ihò +B, wọ́n á wá yí kọ́kọ́rọ́ láì ṣáná sí ọkọ̀. Pọ́ńpù nìkan ni yóò máa dún. Bí ọwọ́ gééjì bá dúró láàárín 38 sí 44, ipá pé. Bí wọ́n bá yọ wáyà yẹn tí wọ́n ṣáná sí ọkọ̀, ó máa wálẹ̀ sí nǹkan bíi 31 sí 37. "Ó wálẹ̀" nìyẹn, àlàáfíà ni. Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń tẹ iná ni ọwọ́ gééjì ń ṣubú, "ó ń já" ni ká sọ: fílítà ti dí, tàbí iná tó ń dé pọ́ńpù kò tó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá paná, kò yẹ kó lọ sí ìsàlẹ̀ 21 láàárín ìṣẹ́jú 5. Bó bá lọ, pọ́ńpù lè máa ti epo dáadáa o, àmọ́ ohun kan kò di epo mú: fáàfù inú pọ́ńpù, régúlétọ̀ tó ń ṣàkóso ipá epo, tàbí nọ́sù tó ń kán. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń pẹ́ kó tó sítáátì láàárọ̀.

Ẹ dákun, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ "gbé pọ́ńpù ga." Ènìyàn là ń gbé ga sí ipò. Pọ́ńpù, bó bá jẹ́ irú kan náà, a pààrọ̀ rẹ̀; bó bá jẹ́ èyí tó lágbára jù ú lọ, a fi í rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "rọ́pò" á béèrè pé báwo ló ṣe lágbára tó, ìbéèrè yẹn ló sì ń gba ẹ́ńjìnnì là. Bí ẹ bá de pọ́ńpù inú táǹkì Camry mọ́ 504, ipá rẹ̀ á borí abẹ́rẹ́ tó ń dá epo dúró nínú kabúrétọ̀, epo á kún àkúnwọ́sílẹ̀, èéfín dúdú á máa yọ, epo á sì ṣàn lọ bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Pọ́ńpù oníná tó rọra ń ti epo wà fún kabúrétọ̀. Òun ni kẹ́ ẹ béèrè. Ní ti Camry tí ẹnikẹ́ni kò yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà, pọ́ńpù tó lágbára jù kò ní mú un sáré sí i, nítorí régúlétọ̀ á dá àjẹṣẹ́kù epo padà sí táǹkì.

Lágbègbè ibodè, epo fúnra rẹ̀ wà lára ẹjọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, iléeṣẹ́ aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnu ibodè. Àṣẹ yẹn kan Ìmẹ̀kọ, Ìlárá àti Ìdíròkò, epo inú kẹ́ẹ̀gì sì di ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbójú lé. Omi àti ìdọ̀tí inú kẹ́ẹ̀gì ń dí asẹ́. Táǹkì tí kì í kún náà ń pa pọ́ńpù, torí epo tó yí i ká ló ń mú un tutù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí "epo ò tó" àti "epo ò dáa" dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu yín. Ẹ sì ṣọ́ra fún "gáàsì": ọmọ yín tó ti Amẹ́ríkà dé, bẹntiróòlù ló ń pè bẹ́ẹ̀, ní Kétu lọ́hùn-ún, ní òdìkejì ibodè, essence ni bẹntiróòlù, gazoil sì ni dísù.

Ó ku "tú." Ẹ tú ipá epo sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú páìpù. Ẹ dá iná tó ń lọ sí pọ́ńpù dúró, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ fi àkísà bo ẹnu páìpù, kẹ́ ẹ wá rọra tú u, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá nítòsí.