Ẹ Bá A Ṣàdéhùn Nígbà Tí Ara Rẹ̀ Yá

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹ̀yin tí àìsàn bipolar, tí orí ń gbóná nígbà kan tí ìbànújẹ́ sì ń dé nígbà mìíràn, ń bá ẹ̀gbọ́n, ọkọ tàbí ìyàwó yín jà, ẹ gbọ́ tẹnu ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà kí àìsàn yìí tó dé.

1. Ẹ máa ṣọ́ oorun rẹ̀. Ìnáwó àti ariwo ni ará àdúgbò ń rí, ṣùgbọ́n oorun ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó sun wákàtí méjì péré, tí ara rẹ̀ ṣì le koko, tó ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró, tó fẹ́ ra ilẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ẹ má wulẹ̀ bá a yọ̀. Ẹ pe dókítà rẹ̀ kó tó gbé owó dé ọjà Ìkàrẹ́.

2. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá ni kí ẹ jọ jókòó. Àgbàlagbà ni, ẹ kò lè máa pàṣẹ fún un bí ọmọdé. Ẹ bi í: ta ni ká pè? Ta ni yóò tọ́jú káàdì báńkì rẹ? Ọ̀rọ̀ wa wo ló máa ń bí ọ nínú jù? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ọmọ mi yàn, kì í ṣe èmi. Ó dùn mí díẹ̀, mo sì gbà.

3. Oògùn. Ọdún 1949 ni John Cade, dókítà ará Ọsirélíà, kọ̀wé pé lithium ń mú orí tó ń gbóná rọlẹ̀. Títí dòní wọ́n ń lò ó, àmọ́ ó fẹ́ àmójútó: kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín wò. Ìgbẹ́ gbuuru, òógùn àṣejù lóko, tàbí oògùn ara ríro bí ibuprofen lè mú kí lithium pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ fún oníkẹ́míìsì pé ó ń lo lithium kó tó ta ohunkóhun fún un. Bí ara rẹ̀ bá sì yá, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

4. Ẹ má bá pásítọ̀ tàbí àáfà jà. Àwọn dókítà pàápàá ti bá irú wọn ṣiṣẹ́ rí: ní 1954, dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní Aró, l'Abẹ́òkúta: aláìsàn ń gbé láàrin ará abúlé, ẹbí rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Lambo sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Àdúrà kò burú. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, pàṣán àti ààwẹ̀ tipátipá ni kí ẹ kọ̀.

5. Bí ìbànújẹ́ bá dé, tí kò jẹun, tí kò fẹ́ rí ènìyàn, ẹ bi í láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kọ́ ni yóò fi í sí i lọ́kàn. Ẹ ti oògùn kòkòrò oko mọ́ inú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ má gbé ilé. Bó bá dáhùn ìbéèrè yẹn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ilé ìwòsàn yá.

6. Owó ọkọ̀ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Àkúrẹ́, ẹ dá a jọ ṣáájú ọjọ́ náà. Kí ẹ sì máa pín ìtọ́jú rẹ̀ ṣe láàrin ara yín. Orúnkún mi kò gbà mọ́, àbúrò ọmọ mi ló ń sìn ín lọ báyìí.