Ìṣọ́ Méjì: Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹ̀rọ Tí Ń Ka Wákàtí Awakọ̀

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 31:36–42, Diutarónómì 5:12–15, Kólósè 3:22 sí 4:1.

Ète ẹ̀kọ́: Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ bí a ti ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ àwọn awakọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà, kí ó sì lè fi òṣùwọ̀n Ìwé Mímọ́ wọn irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìfáàrà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ọ̀gbagadè láàárín Jákọ́bù àti Lábánì àna rẹ̀, Jákọ́bù rò fún un bí òun ti fi ọdún 20 jẹ ìyà oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru láìrí oorun sùn. Ó rò ó bí òun ti ń fi tòun dí ẹran tí ẹranko búburú bá pa jẹ, àti bí Lábánì ti ń yí owó-ọ̀yà òun padà léraléra. Oorun, àdánù àti owó-ọ̀yà ni ẹjọ́ rẹ̀ dá lé. Bí a bá gbọ́ tẹnu àwọn tí ń wa tírélà ní Amẹ́ríkà lónìí, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tiwọn tí ń ṣọ́ wọn.

Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ẹni tí ń ṣọ́ olè àti ẹni tí ń ṣọ́ ọmọ ọwọ́. Àwọn méjèèjì kò gbójú kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń wá ẹ̀ṣẹ̀, èkejì ń wá àlàáfíà. Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: èwo nínú ìṣọ́ méjèèjì yìí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe?

1. Ìdí tí òfin fi dé

Tírélà tí ẹrù kún inú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lè wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 36. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójijì. Bí ẹni tí ń wà á bá tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè fi ẹ̀mí dí i. Nítorí èyí, kí ọdún 1940 tó dé ni ìjọba ibẹ̀ ti fi ààlà sí wákàtí iṣẹ́ awakọ̀.

Gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti rí báyìí, ẹni tí ń kó ẹrù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sinmi fún wákàtí 10. Lẹ́yìn náà ó lè wa ọkọ̀ fún wákàtí 11, ṣùgbọ́n gbogbo wíwà náà gbọ́dọ̀ parí láàárín wákàtí 14 sí ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá ti wa ọkọ̀ fún wákàtí 8, ó gbọ́dọ̀ dá a dúró fún ìṣẹ́jú 30. Kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti pé wákàtí 60 láàárín ọjọ́ 7, tàbí wákàtí 70 láàárín ọjọ́ 8.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ìwé ni awakọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wákàtí wọ̀nyí sí. Àwọn olóòótọ́ wà, àwọn mìíràn sì ń kọ irọ́. Ẹlòmíràn a máa ní ju ìwé kan lọ, kí ó lè rí èyí tí yóò fi han òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn awakọ̀ fúnra wọn a máa fi ìwé náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a máa pè é ní ìwé àwòrán apanilẹ́rìn-ín.

2. Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 2012 ni Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ gba ipò ìwé. Ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ó sì di dandan láti ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2017. A so ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí eré ọkọ̀ bá ti tó máìlì 5 ní wákàtí kan, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ọkọ̀ ti ń rìn. Ó ń kọ ọjọ́, àkókò, iye máìlì àti ibi tí ọkọ̀ wà, òṣìṣẹ́ ìjọba sì lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò lójú ọ̀nà.

Òfin náà kò ṣàì ro ti awakọ̀. Ní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ ti fagi lé ìlànà kan tí ó ṣáájú, nítorí pé ìjọba kò rí sí i tó pé kí àwọn ọ̀gá má fi ẹ̀rọ náà fòòró òṣìṣẹ́. Nítorí náà ni ìlànà ọdún 2015 fi ní àwọn ààbò kan nínú. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè pa ìró ẹ̀rọ náà nígbà tí ó bá wà lórí ibùsùn inú ọkọ̀. Bí ọ̀gá bá fẹ́ tún àkọsílẹ̀ ṣe, awakọ̀ ni yóò fọwọ́ sí i kí ó tó dúró. Nígbà tí awakọ̀ bá sì ń lo ọkọ̀ fún ti ara rẹ̀, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kọ ibi tí ó wà ní pàtó sínú àkọsílẹ̀ náà. Bí agbègbè máìlì 10 ni yóò fi mọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ti fi púpọ̀ kún ohun tí òfin béèrè. Ẹ̀rọ lè sọ fún ọ̀gá bí awakọ̀ ti tẹ bíréèkì lójijì, bí ó ti sáré tó, àti bí epo tí ó jó ti pọ̀ tó. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tún gbé kámẹ́rà tí ó dojú kọ awakọ̀ sínú ọkọ̀, èyí tí ń wò ó bóyá ojú rẹ̀ ń pa dé tàbí bóyá fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Karen Levy, olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell, kọ ìwé kan, Data Driven, lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2022, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ó fi bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀. A rí i nínú ìwé náà bí ojú ìjọba àti ojú ọ̀gá ti pàdé lára awakọ̀ kan ṣoṣo.

3. Ohun tí ìṣọ́ náà mú wá

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ẹ̀rọ náà ṣe rere. Irọ́ kíkọ ṣòro ju ti àtijọ́ lọ. Awakọ̀ tí ọ̀gá bá sì ń rọ̀ pé kí ó máa lọ nígbà tí wákàtí rẹ̀ ti pé, ó ní ẹlẹ́rìí tí yóò tọ́ka sí.

Síbẹ̀, Alex Scott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ohun tí ó tẹ̀lé àṣẹ náà. Wọ́n rí i pé rírú òfin wákàtí dín kù púpọ̀, pàápàá láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n ìjàmbá ọkọ̀ kò bá a dín kù. Kàkà bẹ́ẹ̀, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré wọ̀nyí, ẹ̀sùn ìwàkuwà bí eré àsápajúdé pọ̀ sí i.

Kí ló fà á? Iye máìlì ni a fi ń san owó fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wọ̀nyí. Bí a bá dá awakọ̀ dúró fún wákàtí 5 níbi tí ó ti fẹ́ já ẹrù, ó lè má gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí 14 rẹ̀ kò dúró dè é. Nígbà tí ó bá kúrò níbẹ̀, eré ni yóò fi wá ohun tí ó sọnù. Òfin owó-iṣẹ́ ti ọdún 1938, èyí tí ó fún òṣìṣẹ́ ní àlékún owó fún wákàtí àṣekún, yọ ọ̀pọ̀ awakọ̀ akẹ́rù sílẹ̀. Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ. A ti bá adìẹ wí níhìn-ín, akátá sì ń rìn kiri.

Ohun kan tún wà. Òfin ọdún 2012 tí ó pàṣẹ ẹ̀rọ náà ní apá kan tí a ń pè ní Òfin Jason. Orúkọ awakọ̀ kan ni, tí olè pa ní South Carolina ní ọdún 2009. Ó dé ṣáájú àkókò tí yóò já ẹrù, wọn kò sì gbà á láyè láti dúró níbẹ̀, ó wá lọ sinmi ní ilé epo kan tí a ti pa tì. Dọ́là 7 ni olè rí lọ́wọ́ rẹ̀. Apá òfin yìí ní kí ìjọba mójú tó àyè ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn awakọ̀ tí ó fẹ́ sinmi. Lónìí, ẹ̀rọ ti wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n àyè ìgbọ́kọ̀sí ṣì wọ́n.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀rọ ń ka wákàtí awakọ̀ bákan náà, ó sì gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn wákàtí 4 ààbọ̀. Ṣùgbọ́n òfin wọn ti ọdún 2006 kọ̀ fún agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú láti fi iye ọ̀nà tí awakọ̀ rìn tàbí ìwọ̀n ẹrù san owó fún un, bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá lè fa ewu lójú ọ̀nà. Òfin yẹn wo ọwọ́ awakọ̀, ó sì wo àpò ọ̀gá.

4. Òṣùwọ̀n Ìwé Mímọ́

Nínú Kólósè 3:22, Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn ìránṣẹ́ pé kí wọn má ṣe iṣẹ́ àṣehàn, tí ẹni tí kò sí lójú ọ̀gá yóò pa tì. Awakọ̀ tí ó ń kọ irọ́ sínú ìwé jẹ̀bi níwájú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé a máa dúró níbi tí orí kẹta parí sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù kò tíì tán. Ẹsẹ kìíní orí kẹrin kọjú sí ọ̀gá, ó ní kí ó ṣe ohun tí ó tọ́ sí ìránṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé òun náà ní Ọ̀gá kan ní ọ̀run. Ìṣọ́ tí ó bá dúró lórí ìránṣẹ́ nìkan, ìdajì ẹ̀kọ́ náà ni ó mú.

Òfin ọjọ́ ìsinmi nínú Diutarónómì kò ka wákàtí iṣẹ́ ìránṣẹ́ lásán. Ó pàṣẹ fún onílé pé kí ìránṣẹ́ sinmi gẹ́gẹ́ bí òun náà ti ń sinmi. Ọlọ́run tí ó mọ ìjókòó àti ìdìde wa, gẹ́gẹ́ bí Orin Dáfídì 139 ti fi hàn, òun kan náà ni Orin Dáfídì 121 sọ pé kì í tòògbé. Òun kì í sùn, kí àwa lè sùn. Ìṣọ́ tòótọ́ nìyẹn: ẹni tí ń ṣọ́ni ni ó ń ru ẹrù àìsùn náà.

Nípa báyìí a lè dá ẹ̀rọ náà lẹ́jọ́. Níbi tí ó ti mú kí awakọ̀ rí oorun sùn tí ọ̀gá kò sì lè fipá mú un, ó ń ṣọ́ ọ bí a ti ń ṣọ́ ọmọ. Níbi tí ó bá ti ka ìṣẹ́jú rẹ̀, tí owó àti àyè ìsinmi rẹ̀ kò sì kan ẹnikẹ́ni, ó ń ṣọ́ ọ bí a ti ń ṣọ́ olè.

5. Ohun tí ó kàn wá

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 1988 ni a ti ní Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní Nàìjíríà, àjọ náà sì ti ń béèrè láti ọdún 2016 pé kí ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ní ẹ̀rọ tí ń dín eré kù. Ẹ̀rọ mìíràn ṣì ń bọ̀. Nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìrántí yìí ni a ó ti rí awakọ̀, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, aṣòfin àti ẹni tí yóò ṣe ẹ̀rọ náà.

Ẹ wo ìwé orúkọ kíláàsì. Ó lè sọ pé ọmọ kan wà ní ìjókòó ní agogo 8 òwúrọ̀. Kò lè sọ bóyá ó jẹun kí ó tó wá. Bí ọmọ náà bá ń tòògbé, ojú lásán ti tó láti rí i, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni yóò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò bi í ní ohun tí kò jẹ́ kí ó sùn lálẹ́. Ẹ jẹ́ olóòótọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ yín. Nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ tí a fi ẹlòmíràn sí abẹ́ ìṣọ́ yín, ẹ béèrè oorun rẹ̀ kí ẹ tó béèrè máìlì rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Àwọn ẹ̀sùn wo ni Jákọ́bù fi kan Lábánì? Èwo nínú wọn ni ó jọ ti awakọ̀ akẹ́rù?
2. Kí ni ìdí tí rírú òfin wákàtí fi lè dín kù, kí ìjàmbá má sì dín kù?
3. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí kámẹ́rà máa wo ojú òṣìṣẹ́ ní gbogbo àkókò iṣẹ́? Fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ múlẹ̀ láti inú Ìwé Mímọ́.
4. Bí ìwọ bá ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ akẹ́rù, kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ tún ṣe kí o tó ra ẹ̀rọ?