Ẹ Má Fọwọ́ Sí Iṣẹ́ Tí Ẹ Ò Rí

Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin alága onílé, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Bí ẹnì kan bá gbé fáìlì wá sílé yín, tó ní iṣẹ́ káńsù ni, kí ẹ kàn bá òun fọwọ́ síbì kan péré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú bírò.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí nígbà tí tiwa ṣẹlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni agbaṣẹ́ṣe náà dé, òun àti páálí ẹlẹ́rìndòdò kan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún alága wa. "Bàbá, ẹ bá wa fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè san ìyókù owó, ká lè wá parí ẹ̀." Kànga ẹ̀rọ ni. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ, táńkì ti gun orí irin, wọ́n tiẹ̀ ti kọ orúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá sára rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ̀rọ tí yóò fa omi sókè nìkan ni kò sí. Alága fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i, a sì mu ẹlẹ́rìndòdò wa. Títí di òní, ewúrẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ irin náà.

Ohun tí mi ò rò nígbà yẹn ni pé ìwé ọ̀hún ni ọ̀dítọ̀ máa bá nínú fáìlì. Àwọn ìpínlẹ̀ wa ní ọ̀dítọ̀ àgbà tó ń yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n Èkìtì nìkan ní ìjọba ìbílẹ̀ 16, Ọ̀yọ́ ní 33. Ta ló fẹ́ gun gbogbo táńkì wò? Bó bá rí ìwé iṣẹ́, tó rí ìwé ìsanwó, tó tún bá ọwọ́ àwọn àgbà àdúgbò nísàlẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí, kí ló kù tó fẹ́ béèrè?

Mi ò ní kí ẹ má fọwọ́ sí i rárá o. Bí iṣẹ́ bá kù, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ yín pé "Kò tíì sí ẹ̀rọ, omi ò tíì yọ," kí ẹ kọ déètì, kí ẹ fi fóònù ya ìwé náà kó tó kúrò níwájú yín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé tó sọ bí iṣẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Bó bá jẹ́ gọ́tà, ẹ wá téèpù, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú, kí ẹlòmíì fa ìdí rẹ̀ lọ.

Bí àwọn ará káńsù bá ní ìwé àṣírí ni, ẹ má gbà. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dá yín lóhùn, kò sì di dandan kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Ẹni tí kò mọ̀wé lè bẹ ẹlòmíì kó bá òun béèrè. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin Àbújá ni, kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti yanjú ìyẹn ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó kàn wọ́n.

Ilé ẹjọ́ yìí kan náà ló sọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Bí owó bá ṣe ń wọlé fún wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì tí wọn yóò máa gbé wá bá yín yóò ṣe pọ̀ tó.

Ẹ má sì tìtorí èyí gba rédíò lọ láti pe ẹnikẹ́ni lólè. Agbaṣẹ́ṣe míì wà tó jẹ́ pé ìdajì owó ni wọ́n san fún un lóòótọ́. Ìwé ni yóò sọ. Ẹni tó pariwo láìní ìwé lọ́wọ́, òun ni wọn yóò pè lẹ́jọ́.

Lẹ́tà tiwa lórí kànga yẹn ti wà nílẹ̀, ọjọ́ Ajé ló ń lọ. Alága ti fọwọ́ sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i.