Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Gun Skateboard L'Ékòó

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ́dún 2022, owó ọkọ̀ ibi tí kò jìnnà ti di wàhálà. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ ń gun skateboard: kò mu epo, kò gba owó ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n táyà kékeré líle tí wọ́n fi ń dárà kò bá títì wa mu. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo lè dá a dúró lójijì, kí ẹni tó gùn ún ṣubú síwájú. Táyà rírọ̀ ni kí ẹ rà, èyí tó ga tó mìlímítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ dúró kí ẹ tó kọ́ eré sísá. Ẹ dé akoto. Bí òjò bá rọ̀, ẹ gbé skateboard yín sápá. Omi a máa ba bíárì inú táyà rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má gbé e dé títì márosẹ̀, mo bẹ̀ yín.